Àdúrà Tí Ìyàwó Tíṣà Ń Fi Ẹsẹ̀ Gbà

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ẹ̀yìnkùlé wọ agboolé wa ní Ọ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ará ilé ń gbà wọlé. Iwájú ilé, ti eruku ni. Títì Bìní ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ru gẹdú kì í sì í dá lójú rẹ̀ láti ìgbà tí àkùkọ bá ti kọ. Láti oríta ni a ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ gáréèjì: "Bìní wọlé! Oǹdó wọlé! Ó ku ẹnì kan!" Ẹnì kan tó kù yẹn, láti ìdájí ló ti ń kù, oòrùn á kan àtàrí, kò ní tíì pé. Bí wọ́n ṣe ń pariwo ni ẹ̀rọ sọ́míìlì, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, á máa han gooro bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, á ti dá iná púpurú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìkálẹ̀, púpurú ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a fún, tí a mọ roboto bí orí ọmọ tuntun, tí a wá tò sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Oko wa ní Odígbó ni ẹ̀gẹ́ náà ti ń wá. Èéfín yẹn ló ń fún púpurú ní adùn. Èéfín yẹn náà ni kì í jẹ́ kí èmi mí.

Ikọ́ fée ni mo bá wáyé. Bí ó bá ti dé, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èjìká mi á máa ròkè rodò bí ìyẹ́ adìẹ tó fẹ́ fò tí kò rí i fò. Sọ́míìlì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn mí bí wọ́n bá ti ibẹ̀ dé. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ bọ́ aṣọ, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi kànìnkànìn bó orí títí ìyẹ̀fun igi á fi ṣàn lọ, kí wọ́n tó pè mí: "Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ti mọ́ o! Wá kí mi." Àwọn ọmọdé yòókù ń pọnmi, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń jà. Èmi, "Jókòó" ni wọ́n ń sọ fún mi. Má sáré, jókòó. Má súnmọ́ iná, jókòó. Má rẹ́rìn-ín jù, jókòó. Ó pọ̀ débi pé Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, sọ mí ní Alága. "Alága ń bọ̀! Ẹ gbé àga wá!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á fẹ́ bá wọn rín in, màá sì rántí pé wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín jù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé àdúrà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, níbẹ̀, ẹni tí kò bá jó dà bí ẹni tí kò wá rárá. Ìyá mi ló ń rán sùtànà fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìjọ, kò sì sí obìnrin tó mọ ijó jó tó wọn. Ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí mo ṣì kéré, mo bá wọn jó títí mo fi ṣubú. Ètè mi dúdú, wọ́n gbé mi sáré lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo là á já, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú gbogbo ìjọ: "Ọlọ́run, ọmọ yìí ò ní jó mọ́, àfi bí Ìwọ fúnra Rẹ bá fún un ní èémí. Èmi ìyá rẹ̀ náà ò sì ní jó kí ó tó jó." Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì la jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ìjọ bá ń jó, ọwọ́ ìyá mi ni mo máa ń wò. Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n á tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀, bí ẹni tó di ewúrẹ́ mú kó má baà já.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ yìí bí omi. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, ilé-ẹ̀kọ́ ń hù níbi gbogbo bí olú, olùkọ́ ò sì tó, ni ìjọba bá ń lọ kó wọn wá láti òkè òkun. Bí tọkọtaya ará Índíà kan àti Míínà, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ṣe wá gba yàrá nínú ilé wa nìyẹn. Ọkọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò, a bá ń pè wọ́n ní Tíṣà. Ìyàwó wọn wá di Ìyàwó Tíṣà. Orúkọ àbísọ Ìyàwó Tíṣà gùn. Ìyá Àgbà gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ahọ́n àwọn ti dàgbà jù. Òórùn oúnjẹ wọn máa ń gba agboolé kan: ata ilẹ̀, kọ́rì, àti èso wẹ́wẹ́ kan tó máa ń ta pàrà-pàrà nínú epo gbígbóná. Ìyàwó Tíṣà gbé abọ́ kan wá fún wa, Ìyá Àgbà sì fi púpurú àti marúgbó, ọbẹ̀ tí a ń fi ewé sè, sínú abọ́ náà dá a padà. Ìyàwó Tíṣà tọ́ ọbẹ̀ dúdú náà wò, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Oògùn?"

"Ọbẹ̀ ni," ni Ìyá Àgbà dáhùn, "ṣùgbọ́n o ò ṣìṣe." Àárín wọn gún láti ọjọ́ náà.

Ní àràárọ̀, kí iná púpurú tó ràn, Ìyàwó Tíṣà àti Míínà á bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn yàrá wọn. Wọ́n á bọ́ bàtà. Wọ́n á pa ọwọ́ pọ̀ sókè orí, wọ́n á mú un wá síwájú àyà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n á fi kan ojú. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ilẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ kó má bínú, nítorí wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ojú wọn á là sókè, ọwọ́ wọn á máa nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, Ìyàwó Tíṣà á sì máa fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kíákíá tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́: "Tà-kà-dì-mí! Tà-kà-jù-nú!" Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé àdúrà, tó rí obìnrin tó bọ́ bàtà, tó wólẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tó ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀, kí ni yóò sọ pé ó ń ṣe? Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀ ń gbọ́ èdè ẹ̀mí yẹn?" Wọ́n rọra bi Ìyá Àgbà.

Èdè Ìkálẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń sọ ní tiwọn, màá kàn tún un sọ kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Mò ń gbọ́. Obìnrin yìí ń bá ẹnì kan jà lókè."

"Àdúrà ìṣẹ́gun ni."

"Bí ó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí wá ni Dúpẹ́ ń jókòó síhìn-ín ṣe?"

Ni ìyá mi bá fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ìyàwó Tíṣà. Wọ́n tọ́ka sí àyà mi, wọ́n fi ẹnu súfèé bí àyà mi ṣe máa ń ṣe. Ó yé Ìyàwó Tíṣà lójú ẹsẹ̀. Àbúrò tiwọn nílé ní irú rẹ̀. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí wọ́n fi ń nájà lọ.

"Èyí tí ẹ̀ ń ṣe láràárọ̀ yìí," ni ìyá mi wí, "ṣé àdúrà ni?"

Ìyàwó Tíṣà ronú. "Àdúrà? Bẹ́ẹ̀ ni. Àdúrà."

"Ta lẹ̀ ń gbà á sí?"

Wọ́n na ìka sókè. Ìyá mi náà gbójú sókè, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá Dúpẹ́ gbà á."

Mo rò pé wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọn ò gbé e. Wọ́n ní kí n ya orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ̀yìn mi gún bí òpó. Ìjókòó ṣáà ni iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Irú èyí nìkan ni n kò jókòó rí. Kí n pa ẹnu dé. Kí n máa fi imú mí. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ kọjá tí n kò fẹsẹ̀ lulẹ̀ rárá, mímí nìkan ni mò ń kọ́. Wọ́n á gbé ọwọ́ kan lé èjìká mi, wọ́n á gbé ìkejì lé ikùn mi. Bí èjìká bá gbéra, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀: "Èjìká, rárá. Ikùn." Bí ikùn bá wú, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti gbé àpótí wá sítòsí láti máa wò wá, sọ ọ́ di òwe lójú ẹsẹ̀: "Ó ṣe tán, èémí kì í ṣe ẹrù. A kì í fi èjìká rù ú."

Lẹ́yìn náà ni ó wá kan ẹsẹ̀. Bàbá mi gé pákó ìrókò kan wá láti ibi iṣẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kí ìyẹ̀fun rẹ̀ má baà wọ̀ mí nímú, Ìyàwó Tíṣà á sì máa fi igi kékeré lù ú fún wa. Ìgbésẹ̀ kan náà ni a ó kọ́kọ́ ṣe jẹ́jẹ́, a ó tún un ṣe kíákíá, a ó wá ṣe é bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ máa fi ẹnu sọ tà-kà-dì-mí náà bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń dún, n kò sì gbọdọ̀ fa èémí láàárín rẹ̀, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a lè tú èémí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá mi ṣe ń tú òwú lára kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àìrí èémí fà sínú ni gbogbo ìyọnu mi. Ìyàwó Tíṣà ló fi hàn mí pé èyí tó ti wà nínú ni kì í fẹ́ jáde. Bí àyà mi bá sì súfèé, wọ́n á dá igi dúró, a ó sinmi, wọ́n á bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ fún mi. Míínà, tí kò ní sùúrù, á yọ ahọ́n sí mi lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ìyá Àgbà á wí, "ìwọ ọmọ yìí, dá ahọ́n ẹ padà sẹ́nu kí eṣinṣin má baà bà lé e."

Nísinsìnyí tí irun mi ti ń funfun, mo ní dókítà kan ní Àkúrẹ́ tó máa ń fún mi ní ọ̀pá kékeré kan fẹ́. Èèyàn á fa èémí sínú, á fi ẹnu bo ẹnu ọ̀pá náà, á fẹ́ ẹ fòò lẹ́ẹ̀kan, àmì kan á sì fò síwájú láti sọ bí ẹ̀dọ̀fóró onítọ̀hún ṣe lágbára tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ẹ, ó wo àmì náà, ó tún wò mí. "Màmá, ṣé fèrè lẹ máa ń fọn ni?" Mo ní, "Ijó ni mo kọ́." Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ijó ò wo ikọ́ fée sàn. Ọyẹ́ ṣì ń mú un wá kí mi, mo sì ń lo oògùn tí dókítà fún mi, n kò fi ṣeré. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́lẹ̀, mo dà bí ẹni tó ní ilé ńlá tó jẹ́ pé pálọ̀ nìkan ló ń gbé. Ìyàwó Tíṣà ṣí àwọn yàrá yòókù fún mi, wọ́n sì fi hàn mí bí a ṣe ń gbá wọn. Wọ́n tún kọ́ mi láti má bẹ̀rù, nítorí ìbẹ̀rù ni ikọ́ fée fi ń ṣe oúnjẹ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ẹ̀rí. Wọ́n fẹ́ rán sùtànà tuntun fún mi, wọ́n ju téèpù yí àyà mi ká, wọ́n ní kí n mí, téèpù náà sì yọ̀ lọ́wọ́ wọn. "Tún mí." Mo tún mí. Wọ́n kígbe pe Ìyá Àgbà: "Mà, ẹ wá wo àyà ọmọ yìí, ó ń ṣí!"

"Púpurú ni," ni Ìyá Àgbà wí.

"Àdúrà ni!" ni ìyá mi wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́ níbẹ̀, lórí ìjókòó. Kò pẹ́ tí mo fi ń bá Káyọ̀dé lọ pọnmi. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí Alága ti ń ru garawa rí.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, ilé-ẹ̀kọ́ tí Tíṣà ti ń ṣiṣẹ́ pe àwọn òbí sí àjọ̀dún wọn. Ìyàwó Tíṣà wá bá ìyá mi: "Dúpẹ́, Míínà, ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo èèyàn á wò." Inú ìyá mi dùn dé ibi tó yẹ. Wọ́n gbà pé ìsìn ìdúpẹ́ ni, pé ọmọ àwọn fẹ́ lọ jẹ́rìí. Wọ́n wọ sùtànà, wọ́n gbé Bíbélì, wọ́n sì lọ láìwọ bàtà bí ìjọ wa ṣe ń ṣe, àwọn àti Ìyá Àgbà, wọ́n jókòó níwájú láàárín àwọn bàbá tó wọ agbádá. Èmi náà, àdúrà ni mo mọ̀ ọ́n sí. Kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn fún mi, Míínà tó mọ̀ sì rò pé mo mọ̀. Ìyàwó Tíṣà wọ̀ wá ní aṣọ aláràbarà, wọ́n so ṣaworo mọ́ wa lẹ́sẹ̀, a gun orí pèpéle. Olùdarí ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ó wá kan ijó ìbílẹ̀ àwọn ará Índíà!"

Ìyá mi fò sókè. "Ijó kẹ̀? Dúpẹ́! Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀! Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ o!"

Ìyá Àgbà fà wọ́n ní sùtànà. "Jókòó."

"Mà, ijó ni wọ́n pè é!"

"Mo gbọ́. Ijó ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí, ìwọ nìkan ni ò mọ̀. Jókòó jàre, ò ń dí mi lójú."

Igi Ìyàwó Tíṣà ti dún. Ẹsẹ̀ Míínà gbéra, tèmi náà gbéra, nítorí ẹsẹ̀ mi ti mọ ohùn igi náà ju bí etí mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n igbe ìyá mi ti kó sí mi láyà. Mo gbọ́ súfèé náà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú mi lọ́hùn-ún, tínínrín, bí omi tó fẹ́ hó. Èjìká mi ń ròkè. Mo ní ó parí, màá ṣubú lójú gbogbo ayé. Mo wo Ìyàwó Tíṣà. Wọn ò wò mí, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí, wọ́n fa ohùn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí n lè ráyè. Mo sọ èjìká kalẹ̀. Mo tú èyí tó wà nínú sílẹ̀ pátá, kí n tó fa òmíràn. Súfèé náà dúró, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò rẹ́ni dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí, kí n má parọ́, n kò rí ìyá mi mọ́, n kò rí agbádá kankan. A ṣe é jẹ́jẹ́, a ṣe é kíákíá, a wá rọ òjò lé wọn lórí. Nígbà tí igi dákẹ́, ẹnu mi wà ní pípadé.

Ìyá mi ti wà lórí pèpéle kí àtẹ́wọ́ tó parí. Wọ́n yí mi padà, wọ́n gbé etí lé ẹ̀yìn mi. Wọ́n gbé e síhìn-ín, wọ́n gbé e sọ́hùn-ún, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, omi ti kún ojú wọn, ṣùgbọ́n Ìyàwó Tíṣà ni wọ́n kọjú sí.

"Ẹ sọ fún mi pé àdúrà ni!"

"Àdúrà ni."

"Wọ́n ní ijó ni!"

"Ijó ni." Ìyàwó Tíṣà ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí ibi tí ìjà wà. "Ẹ bi mí, àdúrà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò bi mí, ijó?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìyá mi ò rín. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fà mí lọ sílé àdúrà, Ìyá Àgbà ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Wòlíì wa, tó jẹ́ bíríkìlà láàárín ọ̀sẹ̀, ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Wòlíì, mo ti da ẹ̀jẹ́. Bí Ọlọ́run bá gba èémí ọmọ yìí padà ńkọ́?"

Wòlíì ní, "Ẹ tún ẹ̀jẹ́ náà sọ fún mi."

"Mo ní Dúpẹ́ ò ní jó mọ́, àfi bí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ bá fún un ní èémí."

"Ó ti ní i?"

"Ó ní i. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ."

"Ta ló fún un?"

Ìyá mi wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. "Ọlọ́run ni."

"Kí ló gbé e sí tó fi dé ọwọ́ rẹ̀?"

Ìyá Àgbà pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Inú ijó ni! Àbí kí n bá ọ dáhùn ni?"

Wòlíì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù nínú abọ́ ìfọsẹ̀. "Ìyá Dúpẹ́, ẹ dìde. Ẹ kò da nǹkan kan. Ẹ̀jẹ́ tọmọ ti pé. Ó ku tiyín."

"Tèmi bíi báwo, Wòlíì?"

"Ẹ ní ẹ ò ní jó kí ó tó jó. Ó ti jó."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí orin gbóná, mo dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi wò mí títí, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ kó tó sá aṣọ, kí wọ́n tó gbéra. Ìjọ hó yèè. Ìyá mi ṣì mọ̀ ọ́n jó, ẹsẹ̀ wọn ò gbàgbé ohunkóhun. A tò jáde, a ń jó yí ilé àdúrà ká, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jókòó tì mí. Kí a tó dé ẹ̀yìn ilé, ìyá mi ti gbá ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, òógùn bò wọ́n, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Mo dá ijó dúró, mo di ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n já ọwọ́ náà gbà. "Máa lọ," ni wọ́n wí. "Máa jó lọ, Dúpẹ́. Má dúró dè mí."